Epo Pupa Lórí Imú Jẹ́ẹ̀tì

Ọjọ́ tí Bàbá Ògúndélé kán epo pupa sórí jẹ́ẹ̀tì, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ènìyàn ló ń wò ó. Kì í ṣe jẹ́ẹ̀tì tó ń gbé èèyàn o. Jẹ́ẹ̀tì ìṣeré onírin ni, kò gùn ju apá ọmọdé lọ. Bí o bá ká a síbí, tí o tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, á di róbọ́ọ̀tì tó dúró lórí ẹsẹ̀ méjì. Bí o bá tún un ká, á padà di jẹ́ẹ̀tì. Àwọn àgbàlagbà tí orí wọn pé ló ń rà á, tí wọ́n ń kó o jọ sínú àpótí onígíláàsì. Bí o bá bi mí pé kí nìdí, èmi náà ò mọ̀.

Wúràọlá, ọmọ Bàbá, ló ni ín. Olùkọ́ ni Wúràọlá ní Adó, ṣùgbọ́n fídíò ni ayé fi mọ̀ ọ́n. Bí nǹkan ìṣeré irú èyí bá jáde, á gbé e síwájú fóònù, á tú u, á tún un tò, á sọ ibi tó dáa àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó, àwọn èèyàn á sì máa kọ ọ̀rọ̀ sí i lójú ẹsẹ̀. Èyí tí mò ń wí yìí, oṣù mẹ́ta gbáko ló fi retí rẹ̀. Sátidé tó wá kí bàbá rẹ̀ ní Ìjurìn ni ẹrù náà dé gáréèjì Arámọkọ, ó sì ti ṣèlérí fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé aago mẹ́rin ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n máa rí i. Ló bá tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá rẹ̀, ó gbé fóònù dúró, ó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ wò ó bó ṣe ń yí," ló ń wí. "Àyà rẹ̀ ló di imú jẹ́ẹ̀tì yìí. Apá ti wọ abẹ́ ìyẹ́, ẹsẹ̀ ti di ìrù. Ìgbésẹ̀ mẹ́tàdínlógójì ni. Ẹ ò rí i bó ṣe ń dán? Kò gbọdọ̀ ní àbàwọ́n kankan o."

Ibẹ̀ ni Bàbá ti yọ láti ilé àgbẹ̀dẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Kò wọ ẹ̀wù. Iná ti jó ṣòkòtò rẹ̀ lórúnkún méjèèjì. Ó mú ìgò epo pupa dání.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ èyí kí ẹ má baà rò pé ọtí ló mu. Nínú ilé Ògúndélé, irin kankan kì í wọlé bẹ́ẹ̀. Àdá tuntun ni o, ọ̀kadà ni o, ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ gbé e lọ bá Bàbá nídìí owú, irin ńlá tí alágbẹ̀dẹ máa ń lu nǹkan lé lórí. Bàbá á kán epo sí i, ẹni tó ni ín á sọ orúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ bàbá rẹ̀ fún un. Bí irin ò bá mọ ẹni tó ni ín àti ọmọ ẹni tó jẹ́, Bàbá ní ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò ṣe bí ẹni tí kò mọ olúwarẹ̀ rí.

"Wúrà," ni Bàbá wí, "o gbé irin wọ ulé, o ò fi hàn mí?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná."

"Mo ti dúró. Sọ orúkọ rẹ fún un. Sọ ọmọ ẹni tí o jẹ́."

Kí Wúràọlá tó na ọwọ́, epo ti kán. Ó kán sórí imú jẹ́ẹ̀tì, ó ṣàn dé orí aṣọ funfun. Bàbá wá gbé e, ó mì í sétí, ó fa ìrù rẹ̀ jáde, ó sọ ọ́ di ẹsẹ̀ padà láìwo ìwé kankan, ó sì tẹ orúnkún rẹ̀ wò.

"Ike ti pọ̀ jù nínú èyí. Orúnkún òsì yìí ò ní pẹ́ yẹ̀. Ta ló rọ ìrọkúrọ báyìí?"

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé sórí fóònù. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Ẹnì kan wá kọ ọ́ pé, "Ta ni bàbá yìí?"

Wúràọlá wo àyà bàbá rẹ̀ tó wà ní ìhòòhò, ó wo ṣòkòtò jíjóná, ó wo epo. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ló bá rẹ́rìn-ín músẹ́ sí fóònù, ó ní, "Ẹ má bínú o. Bàbá tó ń bá wa ṣọ́ ilé ni."

Bàbá gbọ́. Ó ku díẹ̀ kó pé ọgọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú ju tèmi lọ. Ó gbé nǹkan náà padà sórí aṣọ jẹ́jẹ́, ó dé ìgò epo rẹ̀, ó tẹrí ba díẹ̀. "Ẹ má bínú, Mà," ló wí, ó sì padà sídìí ẹwìrì tó fi ń fẹ́ná.

Gbogbo Ìjurìn ló wo fídíò yẹn. A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Ìlórò kóun náà bá mi rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ẹni tí kò mọ Bàbá á ní orí rẹ̀ dàrú. Kò dàrú rárá. Ó kàn jẹ́ pé kò sí nǹkan onírin tó lè kọjá níwájú rẹ̀ kó má sọ tẹnu rẹ̀ ni. Nígbà tí Stephen, ọmọ àdúgbò wa, ra ọ̀kadà tuntun tó fi ń ná ọ̀nà Arámọkọ, Bàbá ni èrò àkọ́kọ́, àmọ́ Bàbá kọ̀, kò gùn ún.

"Sọ ọmọ ẹni tí o jẹ́ fún un."

"Bàbá, ọmọ ìjọ CAC ni mí. Ọmọ Ọlọ́run ni mí."

"Mo mọ̀. Nínú àwọn tó ń jẹun nínú ulé yín, èwo ni bàbá rẹ?"

Stephen sọ ọ́. Kì í ṣe pé ó gbà, oòrùn ló ń pa á. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí ọ̀kadà yẹn bá kọ̀ tí kò jí láàárọ̀, Stephen á wo ọ̀tún, á wo òsì, á sì rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á dárúkọ bàbá rẹ̀ sí i létí.

Ti ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ńkọ́? Ìsìnkú ni Bàbá bá wa lọ síbẹ̀. Ìwàásù ń lọ, ilẹ̀kùn ń ké. Ẹni tó wọlé, ó ké. Ẹni tó jáde, ó ké. Bàbá fara dà á, fara dà á, ó sú u. Ó dìde láàárín ìwàásù, ó yọ ìgò kékeré lápò, ó kán epo sí ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta. Ilẹ̀kùn dákẹ́. Nígbà tí ìsìn parí, epo náà ra aṣọ àlà àlùfáà dáadáa bó ṣe ń jáde. Gbogbo wa lanu. Bàbá ní, "Ẹ ò rí i pé kò ké mọ́?"

Irú bàbá tó tọ́ Wúràọlá nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ọwọ́ tó ń di ẹ̀mú mú nínú iná náà ló ń di irun rẹ̀ kó tó lọ sílé ìwé, ó sì ń dì í le débi pé ọmọ náà kì í lè ṣẹ́jú dáadáa títí di Ọjọ́rú. Kò sí ọjọ́ kan tó lọ sílé ìwé láìdirun.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn fídíò náà, Bàbá rọ géètì. Géètì gidi, onírin, tó ní àgádágodo. Ó rì í mọ́lẹ̀ níwájú ilé. Ẹ jọ̀ọ́, kò sí ọgbà tó yí ilé náà ká o. Ewúrẹ́ ń gba ọ̀tún, adìyẹ ń gba òsì, ṣùgbọ́n èèyàn gbọ́dọ̀ gba géètì. Bàbá gbé àpótí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó jókòó.

Àpọ̀kẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń gbélé, jáde wá wò ó. "Ògúndélé, kí lo ń ṣọ́?"

"Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí sí ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Sátidé yẹn, Stephen gbé Wúràọlá dé. Bàbá dìde, ó ṣí géètì, ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Mà. Ta lẹ fẹ́ rí?"

Stephen wo ẹ̀gbẹ́ géètì níbi tí àgbò kan ti ń kọjá lọ ní tirẹ̀.

"Bàbá mi ni mo wá kí," ni Wúràọlá wí.

"Bàbá yín ò sí ńlé. Èmi nìkan ló wà. Èmi ni mò ń ṣọ́ ulé."

Kí bàbá ẹni máa fi "ẹ" bá ẹni sọ̀rọ̀! Wúràọlá sọ fún mi pé ì bá tẹ́ òun lọ́rùn kó gbá òun létí. Ó kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀ níbẹ̀, ó ń sunkún.

"Ẹ dìde, Mà, ẹ dìde," ni Bàbá wí. "Bí ọ̀gá mi bá rí wa báyìí, wọ́n á lé mi lẹ́nu iṣẹ́."

Ó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ kí eré náà tó sú òun fúnra rẹ̀. Ó fi àpótí sílẹ̀, ó wá jókòó ti ọmọ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Wúrà, ti ṣòkòtò yẹn ò dùn mí. Ó jóná lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo ní kí o sọ ọmọ ẹni tí o jẹ́, o ò sọ ọ́. Irin yẹn ò tíì mọ̀ ẹ́. Má wulẹ̀ bẹ̀ mí, èmi mọ̀ pé ọmọ mi ni ọ́. Àwọn tó gbọ́ irọ́ ni kí o lọ sọ òótọ́ fún."

"Màá sọ ọ́, Bàbá. Sátidé tó ń bọ̀."

Sátidé dé, kò sọ ọ́. Àwọn èèyàn orí fóònù ti fẹ́ràn ọ̀rọ̀ "bàbá tó ń ṣọ́ ilé" náà jù, wọ́n ń fi àwòrán rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ kiri. Bí ó bá wá sọ pé bàbá òun ni, wọ́n á bi í pé irú ọmọ wo ló ń sẹ́ bàbá rẹ̀. Ìtìjú yìí tún ju ti ìṣáájú lọ. Ó sún un sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó tún sún un. Bàbá ò bi í léèrè rárá. Kìkì pé bó bá pe Bàbá lórí fóònù, wàá gbọ́: "Ẹni tó ń ṣọ́ ulé ló ń sọ̀rọ̀. Ṣé kí n bá yín jíṣẹ́ fún bàbá yín?" Wúràọlá á rẹ́rìn-ín, á pa fóònù, á wá sunkún.

Nínú oṣù kẹrin lẹ́yìn fídíò náà, láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, Bàbá fúnra rẹ̀ ló pè é.

"Mà, mo fẹ́ gba ìsinmi."

"Ìsinmi kí ni, Bàbá?"

"Ó rẹ̀ mí. Ẹ wá ẹlòmíràn tí yóò máa ṣọ́ ulé."

"Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n dé ní Sátidé. Màá sọ ọ́ ní Sátidé yìí, mo ṣèlérí."

"Sátidé kẹ̀? Kò burú. Wúrà mi, kò burú."

Ní ọjọ́ Ẹtì, Àpọ̀kẹ́ bá a lórí àpótí rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti géètì, ojú rẹ̀ padé. Ìyá náà kọ́kọ́ bú u. "O wá ń sùn lẹ́nu iṣẹ́, Ògúndélé!" Ó sún mọ́ ọn, ó fọwọ́ kàn án. Ariwo tó ké la gbọ́ tí gbogbo wa fi sáré débẹ̀, a sì gba géètì wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, Wúràọlá ò lè gbójú sókè. Ó rò pé gbogbo wa là ń wo òun. Àwa náà ò gbójú sókè, torí kò sí ẹni tí kò rẹ́rìn-ín nínú wa.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìyẹn, ó mú jẹ́ẹ̀tì náà jáde ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fẹ́ sọ ọ́ di róbọ́ọ̀tì. Kò tíì yí i dé ìdajì tí orúnkún òsì fi yẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wò ó. Ẹ̀rín àti ẹkún gbé e lẹ́ẹ̀kan náà. Àpọ̀kẹ́ wọ yàrá lọ, ó mú nǹkan kan tí wọ́n fi bébà wé jáde.

"Ó ní ọjọ́ tí orúnkún òsì bá yẹ̀, kí n gbé e fún ẹ. Mo bi í pé bí kò bá yẹ̀ ńkọ́? Ó ní á yẹ̀."

Orúnkún onírin kékeré ni, kò tó èékánná àtàǹpàkò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Bàbá fọwọ́ kan nǹkan yẹn láyé rẹ̀. Wúràọlá fi í síbẹ̀. Kò fún jù, kò dẹ̀ jù.

Ó dìde lójú ẹsẹ̀, ó gbé e lọ sí ilé àgbẹ̀dẹ, ó gbé e ka orí owú, ó gbé fóònù dúró, ó sì tan fídíò. Àwọn èèyàn ti ń kọ ọ́: "Bàbá tó ń ṣọ́ ilé dà?"

"Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa jẹ́ẹ̀tì yìí," ni Wúràọlá wí. "Ọ̀dà rẹ̀ dáa. Ìyẹ́ rẹ̀ le. Ike inú rẹ̀ ti pọ̀ jù, orúnkún òsì rẹ̀ ò sì dáa. Ẹnì kan ti sọ bẹ́ẹ̀ níṣojú yín, ẹ fi í rẹ́rìn-ín, torí èmi ni mo kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín. Irọ́ ni mo pa fún yín lọ́jọ́ náà. Bàbá mi ni. Ògúndélé lorúkọ rẹ̀, alágbẹ̀dẹ Ìjurìn ni. Ojú rẹ̀ tì mí. Ó ti kú báyìí, ojú ara mi ló wá ń tì mí."

Ó ṣí ìgò, ó kán epo sórí imú jẹ́ẹ̀tì náà, ní ibi tí ti ìṣáájú ti kán sí gan-an.

"Èmi Wúràọlá, ọmọ Ògúndélé, ni mo ni ọ́."

Géètì yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ewúrẹ́ ṣì ń gba ọ̀tún. Gbogbo Sátidé ni Wúràọlá ń wá jókòó lórí àpótí bàbá rẹ̀, tí yóò máa ka ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ọkùnrin kan gbé àdá wá, kò tíì gbọ́. Ó ní, "Alágbẹ̀dẹ ńkọ́? Ta sì nìyí?"

Wúràọlá dìde, ó ṣí géètì fún un.

"Bàbá mi lọ gba ìsinmi," ló wí. "Èmi ọmọ rẹ̀ ni mò ń bá a ṣọ́ ulé."