Ìka Mẹ́ta Bàbá Fọganáísà

Bí mo bá ti rí mọ́tò tí táyà rẹ̀ gbòòrò, bàbá fọganáísà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo máa ń rántí. Bó bá de táyà tán, yóò ti ìka mẹ́ta bọ àárín táyà àti fẹ́ńdà. Bí wọn ò bá wọlé, yóò tú u.

Mo gbé rímù fífẹ̀ mẹ́rin lọ bá a. Mo ti gé sípíríǹgì mọ́tò mi tẹ́lẹ̀ kó lè rẹlẹ̀. Bàbá dè wọ́n, ìka mẹ́ta wọlé, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n bàbá pe àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó ń ta ayò nítòsí, ó ní kí wọ́n jókòó sẹ́yìn ọkọ̀. Ó tún ti ìka bọ ibẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo pàápàá ò wọlé.

Mo ní, "Bàbá, èmi nìkan ni mo máa ń wọ̀ ọ́."

"Ta ló ń gbé ìyá ẹ lọ sí Ayépé lọ́jọ́ Àìkú?"

Mo ní kó ṣáà fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ọkọ̀ tó ṣófo ò tíì sọ òótọ́ fún ẹnikẹ́ni," ló wí, ó sì tú gbogbo rẹ̀.

Mo fi ìbínú kó àwọn rímù náà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ìyẹn sì dè wọ́n. Lọ́jọ́ Àìkú, ìyá mi àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì jókòó sẹ́yìn. A ò tíì dé Odogbolu tí táyà fi bẹ́. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ìyá mi sọ̀ kalẹ̀, ó wo táyà, ó ní, "Má bínú, ọkọ mi. Àwa la wúwo jù."

Lọ́jọ́ kejì mo padà sọ́dọ̀ bàbá. Kò mẹ́nu ba rímù. Ó ní, "Ṣé àlàáfíà ni ìyá ẹ wà?" Ó dúró gbọ́ ìdáhùn mi kó tó gbé jáàkì.