Màmá Agbẹ̀bí Kì Í Fi Ẹnikẹ́ni Sílẹ̀ Nílẹ̀

Ọjọ́ tí Màmá Agbẹ̀bí paná tẹlifíṣọ̀n lójú ìṣẹ́gun, ẹsẹ̀ kò gbèrò ní pálọ̀ rẹ̀. Géèmù àwọn ará Japan kan ni ó ń gbá, èyí tí ìtàn rẹ̀ gùn láti apá kìíní dé apá kẹta. Ẹni mẹ́rin ni ó ń darí nínú rẹ̀: onídà, tafàtafà, bàbá arúgbó tó ń fi ọ̀pá yọ iná, àti obìnrin oníwòsàn. Lọ́jọ́ náà wọ́n kojú Ọba Òkùnkùn, ọ̀tá ìkẹyìn pátápátá. Ọba náà wó lulẹ̀ gbì! Orin ìṣẹ́gun bẹ̀rẹ̀. Onígbàjámọ̀ àdúgbò fò sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ forí fọ́ gílóòbù. Ṣùgbọ́n igun kan ni Màmá tẹjú mọ́, níbi tí tafàtafà nà gbalaja sí. Ó na ọwọ́, ó fa wáyà yọ lára ògiri.

“Màmá! A ti borí!” ni onígbàjámọ̀ kígbe.

“Ta ni ‘a’?” ni Màmá dáhùn. “Ẹ bi èyí tó wà nílẹ̀ yẹn bóyá òun náà borí.”

Bàbá Télọ̀, ọkọ rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù. Láti ìgbà tí ọmọ wọn ti ṣègbéyàwó tó sì fi ẹ̀rọ géèmù náà sílẹ̀ fún wọn, kò fọwọ́ kan pádì tí wọ́n fi ń gbá a rí, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó wù ú bíi kó rí òpin ìtàn náà. Apá kìíní àti apá kejì ti já ìtàn náà síbi tó dùn jù. Apá kẹta nìkan ló lè parí rẹ̀.

“Ìyá, géèmù fúnra rẹ̀ ló sọ pé o borí. Kí lo wá ń bá a jiyàn sí?”

“Bàbá, bí mo bá gbẹ̀bí, tí mo gbé ọmọ jáde tí mo fi ìyá sílẹ̀, ṣé ẹ máa kí mi kú iṣẹ́?”

Ni Bàbá Télọ̀ bá dìde, ó lọ wá oúnjẹ.

Orin ìṣẹ́gun yẹn ti wọ Màmá lára. Bí ìjà bá parí, tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá gbé ohun ìjà sókè tí wọ́n ń jó, yóò kí wọn pé, “Ẹ kú ewu o, ẹ kú ewu.” Ní ilé ìgbẹ̀bí, bí ọmọ tuntun bá ti ké, orin náà ni yóò máa fi imú kọ. Obìnrin kan tó bí ìbejì bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí pé èyí tó kẹ́yìn náà jagun.

Ti dírágónì apá kejì tún wà ńbẹ̀. Ó sùn dí ẹnu ọ̀nà òkè, ó yẹ kí wọ́n bá a jà kí wọ́n tó kọjá. Màmá wò ó, ó gbé pádì sílẹ̀.

“Mi ò ní í lù ú. Oyún wà nínú ẹ̀.”

“Dírágónì?”

“Ẹ ò rí bó ṣe ń mí ni? Mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí ẹni tó ṣe géèmù.”

Ni wọ́n bá gba inú ẹrẹ̀ yí òkè náà ká, ejò ń bù wọ́n jẹ, agbọ́n ń ta wọ́n. Nígbà tí wọ́n dé abúlé òdì kejì, ẹni tó ń ta oògùn níbẹ̀ sọ fún wọn pé akọ ni dírágónì ọ̀hún, pé màlúù gbogbo abúlé ló wà níkùn rẹ̀. Bàbá Télọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ń yí gbirigbiri, títí ó fi jókòó lé abẹ́rẹ́ ara rẹ̀.

“Ẹ ò rí i,” ni Màmá wí, “ẹni tó bá ń fi aboyún ṣe ẹlẹ́yà, nǹkan á gún un.”

Lẹ́yìn ọjọ́ tí Màmá fa wáyà yọ, kò yéé padà sọ́dọ̀ Ọba Òkùnkùn. Bí onídà kò bá ṣubú lónìí, arúgbó á ṣubú lọ́la, Màmá á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ó sú àwọn ará àdúgbò, wọn ò wá mọ́. Onígbàjámọ̀ ló kẹ́yìn wọn. “Màmá,” ó ní, “ọba yìí ti kú lọ́wọ́ yín débi pé ó yẹ kó ti mọ orúkọ yín.” Bàbá Télọ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù lórí àga, ó ń ṣẹ́ etí aṣọ oníbàárà.

“Ìyá, má jẹ́ kí n kú kí n tó rí òpin ìtàn yìí.”

“Kí ẹ kú kẹ̀? Lójú ta ni? Èmi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣubú.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá Télọ̀ ń wọn ìbàdí ọkùnrin sísanra kan ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó kọjú sí ilé, nígbà tí Màmá yọ lẹ́nu ọ̀nà. Bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wọ̀.

“Ẹ máa bọ̀. Ọba Òkùnkùn ti wó, kò sì sẹ́ni tiwa tó wà nílẹ̀.”

Bàbá Télọ̀ fi téèpù sílẹ̀ ní ìbàdí oníbàárà, ó sáré sọdá títì. Ọkùnrin náà na apá méjèèjì títí apá fi ń ro ó.

Kò sí ìgbéyàwó, kò sí ìwúyè ní òpin ìtàn náà. Àwọn mẹ́rin náà kàn ń rìn lọ sílé ni. Oníwòsàn sin tafàtafà dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó sin onídà, ó sin arúgbó. Lẹ́yìn náà ó dá nìkan lọ sí ilé tirẹ̀, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

“Ó tán? Wọ́n kàn lọ sílé?”

“Gbogbo wọn ló délé, Bàbá. Kí lẹ tún ń fẹ́?”

Bàbá Télọ̀ fa ṣòkòtò oníbàárà kan yọ lórí àga. Ó ń fi nu ojú.

Kò pẹ́ sígbà náà tí Màmá Agbẹ̀bí sùn tí kò jí mọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Bàbá Télọ̀ kọ́kọ́ padà ṣí ṣọ́ọ̀bù, onígbàjámọ̀ wá jókòó tì í. Kò mọ ohun tí yóò sọ, ló bá béèrè bí géèmù yẹn ṣe parí. Bàbá Télọ̀ dìde, ó fi ọ̀pá ìwọnṣọ ṣe idà, ó jagun náà láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Nígbà tó dé ibi tí oníwòsàn ti ń sìn wọ́n délé, ó fi ọ̀pá tilẹ̀.

“Oníwòsàn ló yẹ kó délé kẹ́yìn,” ó ní. “Ìyá rẹ́ mi jẹ. Ó fi èmi sílẹ̀ lójú ọ̀nà.”

Onígbàjámọ̀ gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá a ti ṣọ́ọ̀bù.

“Ó yá, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n sìn yín.”

“Sìn mí lọ síbo? Ilé mi nìyẹn, mo ń wò ó.”

“Mo mọ̀.”

Wọ́n sọdá títì. Onígbàjámọ̀ dúró níta títí ó fi gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí nínú ilẹ̀kùn.