Àga Táíwò

Mo ṣì máa ń gbọ́ ohùn bàbá onífọ́tò wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́: "Ẹ má ṣẹ́jú o, fíìmù kì í ṣe omi." Àwọn kan ń pè é ní ahun. Gbogbo ọmọ agboolé ni yóò kó sójú kan, yóò yà wọ́n lẹ́ẹ̀kan péré, ó parí.

Ìbejì tí èkejì rẹ̀ ti kú nìkan ló máa ń yà lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ náà á jókòó lápá òsì, á tún bọ́ sápá ọ̀tún, bàbá á wá pa méjèèjì pọ̀ sínú fọ́tò kan, kí ìyá wọn lè rí wọn pé.

Ọdún tó yẹ kí àwọn ìbejì wa bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ni Táíwò kú. Màmá wa wọ aṣọ ilé-ìwé fún Kẹ́hìndé, ó mú un lọ bá bàbá onífọ́tò, èmi náà sì tẹ̀ lé wọn. Bàbá gbé àga méjì kalẹ̀. Bí ìṣe rẹ̀, ó kọ́kọ́ bá àga tó ṣófo sọ̀rọ̀: "Táíwò, gbé orí sókè díẹ̀."

"Ó ti gbé e, Bàbá," ni Kẹ́hìndé wí. Kò tilẹ̀ yíjú sí àga náà.

Bàbá wo inú kámẹ́rà, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi aṣọ bò ó.

Màmá ní, "Bàbá, ó ku apá kejì."

"Ìyá Ìbejì, ẹ máa mú un lọ sílé. Ó ti tó."

Fọ́tò náà ṣì wà lára ògiri wa. Ọmọ méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú. Kẹ́hìndé nìkan ló ṣẹ́jú.