Ohùn Tí A Ní Kó Má Dá Lóhùn

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mí nígbà tí àbígbẹ̀yìn mi kò dá mi lóhùn mọ́ bí mo bá pè é. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Èmi àti baba rẹ̀ nìkan ló kù nílé wa ní Èsìẹ́, òun sì wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Òrò, níbi tó ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò kí ó lè di olùkọ́ bíi tèmi. Bó bá di ọjọ́ Ẹtì, yóò wọ mọ́tò wálé, yóò bá baba rẹ̀ lọ sóko iṣu lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, yóò sì padà lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ kò jọ àìsàn rárá. Mo wà lẹ́yìnkùlé, mò ń bẹ ẹ̀gẹ́, mo ké sí i pé kó bá mi gbé abọ́ wá. Kò dáhùn. Mo tún pè é. Nígbà tó yá, ó yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí, ó sì wo ẹ̀yìn mi.

“Màmá, ẹ̀yin lẹ pè mí?”

“Ta ni ìbá tún pè ọ́? Bí àgbà bá pe ọmọ, ọmọ a máa jẹ́. Ṣé kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń kọ́ yín ní eléyìí?”

Baba rẹ̀ tó ń pọ́n àdá lábẹ́ igi máńgòrò rẹ́rìn-ín. “Tíṣà, fi í sílẹ̀. Ọmọ rẹ ti joyè. Ìjòyè kì í jẹ́ ìpè àkọ́kọ́.”

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín.

Láàárín oṣù mélòó kan, nǹkan kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ. Kì í wẹ̀ àfi bí mo bá rọ̀ ọ́. Ó faṣọ bo rédíò. Bí mo bá gbé oúnjẹ fún un, yóò ní kí n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ó lè jókòó sójú kan láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, kí ojú rẹ̀ má sọ nǹkan kan. Bó bá sì sọ̀rọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn rẹ̀ kò mọ ìparí rẹ̀. Èmi tí mo fi ọjọ́ ayé mi tún gbólóhùn àwọn ọmọ ọlọ́mọ ṣe, n kò mọ ibi tí mo lè ti di èyí mú. Ìròyìn wá láti Òrò pé kì í wọ kíláàsì mọ́, a sì dá a dúró sílé. Mo rò pé igbó ló ń mu. Mo tú àpò ṣòkòtò rẹ̀ wò, n kò rí nǹkan kan, ọkàn mi kò sì balẹ̀ síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ kan, mo jókòó tì í ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo bi í pé ta ló ń sá fún.

“Àwọn tó ń pè mí ni.”

“Wọ́n ń wí kí ni?”

“Wọ́n ń ka ohun tí mò ń ṣe. Ó ti dìde. Ó ti jókòó. Kò wúlò. Wọ́n ní wọ́n ti bu nǹkan sínú omi wa. Ṣùgbọ́n n kò dá wọn lóhùn, Màmá. N kò dá wọn lóhùn rí.”

Ẹnikẹ́ni tí a bá tọ́ nílẹ̀ wa yóò mọ ohun tó ń sọ. Láti kékeré la ti ń kìlọ̀ fún ọmọ pé bó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí kò rí ẹni tó pè é, kó pa ẹnu mọ́, nítorí a kò mọ ohun tó ń peni. Ọmọ mi gbọ́ràn. Ó ti ń gbọ́ ohùn láti ọ̀pọ̀ oṣù wá, ó sì ń dákẹ́ bí a ti kọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wá bá wa láti Òkè-Onígbìn. Nígbà tó gbọ́, ńṣe ni ara rẹ̀ balẹ̀.

“Ìyàwó, má mikàn. Bí kò bá ti dáhùn, kò tíì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Kó ṣáà máa dákẹ́ bẹ́ẹ̀. A ó mú un lọ sílé àdúrà, yóò gba ààwẹ̀, wọn yóò fi í sílẹ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n, ọmọ tí kò jẹun, ààwẹ̀ wo ló tún kù tó fẹ́ gbà?”

“Ìwọ mọ ti ìwé, Tíṣà. Àwa mọ ti ilé.”

Ọkọ mi mi orí sí i. Kì í ṣe ìkà ló mú wọn sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ yìí ni ẹ̀gbọ́n fẹ́ràn jù nínú gbogbo àwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́ ọmọ náà ni wọ́n fi ń wọn àlàáfíà rẹ̀, bó sì ṣe ń dákẹ́ sí i ni àìsàn ń jinlẹ̀ sí i. Wọ́n dá ọjọ́ tí wọn yóò mú un lọ. N kò fẹ́ kó dé ibẹ̀, nítorí mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n dè mọ́ òpó nírú ibẹ̀, àpá okùn kò sì kúrò lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́ rí jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Ìlọrin. Mo pè é lórí fóònù. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi, ó wá béèrè pé, “Màmá, ṣé ó ti ń rò ó pé kí òun pa ara òun?”

“N kò lè bi í nírú ìbéèrè yẹn. Kí n má lọ fi kọ́ ọ.”

“Bíbéèrè kì í fi kọ́ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í lónìí.”

Mo bi í lójú baba rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n. Ó wolẹ̀.

“Wọ́n ní kí n bọ́ sódò. Mo ti ń dákẹ́ ṣáá, ṣùgbọ́n ó ti ń rẹ̀ mí.”

Ọkọ mi dìde, ó lọ wá mọ́tò. A fi ọmọ náà sí àárín wa lẹ́yìn ọkọ̀, ọwọ́ mi sì wà lórí ilẹ̀kùn láti Èsìẹ́ títí a fi wọ Ìlọrin.

Dókítà tó gbà wá kò kánjú. Ó yẹ ara ọmọ náà wò, ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àìsàn mìíràn ló ń fa gbogbo rẹ̀. Wọ́n dá a dúró lọ́sibítù. Nígbà tí wọ́n ti wò ó dáadáa ni wọ́n tó sọ fún wa pé àìsàn tí wọ́n ń pè ní sikisofiréníà ni. Mo béèrè bóyá òun ni wọ́n ń sọ pé ó ń sọ ènìyàn kan di méjì. Ó ní rárá, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni. Ẹnì kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ kò fi ìyàtọ̀ hàn dáadáa mọ́ láàárín ohun tó ti inú wá àti ohun tó ti ìta wá. Àwọn olùwádìí ti rí i pé nígbà tí aláìsàn bá ń gbọ́ ohùn, apá ibi tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ àti ìgbọ́ràn nínú ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní tòótọ́. Nítorí náà, bí a bá sọ fún un pé kò gbọ́ nǹkan kan, irọ́ la pa létí rẹ̀.

Mo bi í léèrè ohun tí mo ti ń bi ara mi láti ọjọ́ yìí wá: kí ni mo ṣe?

“Ẹ ò ṣe nǹkan kan, Màmá. Kì í ṣe títọ́ ló fà á.” Ó ní kò sí ìdí kan ṣoṣo tí a lè nàka sí. Ó lè rìn nínú ẹbí, ìṣòro inú oyún tàbí ti ìbímọ lè dá kún un, igbó mímu àti làásìgbò lè tì í jáde. Ìgbà ọ̀dọ́ ló sábà máa ń yọjú.

Ó tún sọ ohun kan tó gún mi. Wọ́n ti ṣàkíyèsí pé ilé tí wọ́n bá ti ń pariwo, tí wọ́n ń bá aláìsàn wí ṣáá, àìsàn náà tètè máa ń padà síbẹ̀. Ọkọ mi wò mí lójú. “Tíṣà, ṣé o gbọ́?”

Nígbà tí a dé ilé, a yí àṣà wa padà. A kò ké pè é láti iyàrá kejì mọ́. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ bá a sọ yóò lọ síwájú rẹ̀, yóò jẹ́ kó rí òun kó tó lanu. Oògùn tí wọ́n fún un mú un sanra, ó mú un sùn jù, ohùn náà sì lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ara rẹ̀ ti yá ló dá oògùn dúró láìsọ fún wa, gbogbo rẹ̀ sì tún padà. Láti ìgbà náà, ẹ̀gbọ́n ló di ọlọ́pàá oògùn nígbà tó bá wà lọ́dọ̀ wa. “Gbé ahọ́n sókè kí n rí abẹ́ rẹ̀,” ni yóò wí, ọmọ náà yóò sì dá a lóhùn pé, “Ìyá àgbà, ẹ kúkú wọ inú ọ̀fun.” A ṣì ń gbàdúrà. Lẹ́yìn oògùn la ń gbà á.

Ó ti padà sí Òrò báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ láti kíláàsì tó ti kúrò. N kò lè sọ fún yín pé ẹ̀rù kò bà mí mọ́. Bó bá pẹ́ kó tó dé lọ́jọ́ Ẹtì, màá jáde lọ sẹ́bàá títì, màá sì máa wo gbogbo mọ́tò tó bá dúró. Dókítà ní ẹlòmíràn a gbádùn pátápátá, ẹlòmíràn a máa bá a jà títí lọ. A kò tíì mọ èyí tí tiwa yóò jẹ́.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́gbọ́n nínú èyí. Bí ọmọ yín bá ń fara pa mọ́, tó ń bẹ̀rù oúnjẹ tí ẹ fún un, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń já, ẹ má dúró wò ó. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í ní ohun tó ń gbọ́, ẹ gbà pé ó ń gbọ́ ọ lóòótọ́, kí ẹ sì tètè mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa àìsàn ọpọlọ.