Kí Orest Tó Bọ́ Bàtà

Tí ẹ bá ní kí n wá ọ̀lẹ kan fún yín ní abúlé wa, mi ò ní mú Orest Pawluk wá. Òdìkejì ọ̀nà ló ń gbé, mo sì ti ń wo ilé rẹ̀ láti ojú fèrèsé mi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mẹkáníìkì ni, gáréèjì tí wọ́n ti ń tún bọ́ọ̀sì ilé ìwé ṣe ló ti ń ṣiṣẹ́, kò sì sí bọ́ọ̀sì tí wọ́n gbé fún un tí kì í dìde nílẹ̀. Iṣẹ́ oníṣẹ́ kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tara rẹ̀ ni kì í parí. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ti wọ́, àtẹ̀gùn rẹ̀ ti jẹrà, ẹ bá sì bi í léèrè, ìdáhùn kan náà ni: "Tó bá yá."

Ọ̀rọ̀ yìí ti mọ́ ọn lẹ́nu débi pé àwọn ọkùnrin tí wọ́n máa ń mu kọfí ní ilé epo sọ ọ́ di orúkọ fún un. Orest Tó-bá-yá ni wọ́n ń pè é. Kì í bínú sí i. "Ẹ máa pè mí bẹ́ẹ̀," á wí. "Màá bínú tó bá yá." Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, èmi náà á sì rẹ́rìn-ín, nítorí nígbà yẹn ọ̀rọ̀ náà kò tíì pa ẹnikẹ́ni lára.

Òun àti ìyá rẹ̀, Paraska, ni wọ́n jọ ń gbé. Àwọn ará Ukraine ló tẹ Veselka, abúlé wa yìí, dó, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sáàárín pápá àlìkámà Saskatchewan ní Kánádà, ìyá àgbà ni wọ́n sì ń pè ní Baba. Ó pẹ́ kí etí mi tó gba kí gbogbo abúlé máa pe obìnrin ní bàbá. Mama ni èmi ń pè é ní tèmi, ó sì ń dáhùn.

Iṣẹ́ ọwọ́ Mama Paraska ni ẹyin. Tí Lẹ́ǹtì bá ti wọlé, á tan àbẹ́là, á mú ẹnu kálámù idẹ kékeré kan gbóná, á tì í bọ inú ìda, á sì máa fi fa ìlà sára ẹyin adìẹ funfun kí ó tó ri ẹyin náà sínú aró. Wọn kì í sọ pé àwọn ń kun ẹyin o. Wọ́n ní àwọn ń kọ ọ́ ni, bí ẹni ń kọ ìwé. Ìlà àkọ́kọ́ ló le jù. Ó gbọ́dọ̀ yí ẹyin ká, kó sì padà wá bá ìdí ara rẹ̀ láìyẹ̀. Ẹyin tí ìlà rẹ̀ kò bá pàdé, Mama kì í gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Àjíǹde.

Ojú rẹ̀ ọ̀tún ti ṣú tipẹ́. Ti òsì ló fi ń kọ ẹyin, ti òsì ló fi ń ka Bíbélì, òun ló fi ń mọ ẹni tó wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ti ń jò díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀yìn ojú yẹn náà, dókítà kan ní ìlú ńlá Saskatoon sì ń fún un ní abẹ́rẹ́ sí i láti ìgbà dé ìgbà. Dókítà náà bá Orest sọ̀rọ̀ níṣojú Mama. Ó ní àwọn kò gbọ́dọ̀ fo abẹ́rẹ́ kankan, nítorí tí ẹ̀jẹ̀ bá dà síbẹ̀, ohun tó bá bàjẹ́ kò ní àtúnṣe. Orest mi orí pé òun gbọ́. Mẹkáníìkì ni, ó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ohun tí kò ní àtúnṣe.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ọjọ́ abẹ́rẹ́ bọ́ sáàárín òtútù tó burú jù. Níbí, tí òtútù bá ti tó bẹ́ẹ̀, a máa ń so ọkọ̀ mọ́ iná mànàmáná ní alẹ́, bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Wáyà kan wà fún un tí a máa ń fà láti ara ògiri dé iwájú ọkọ̀, òun ni kì í jẹ́ kí òtútù pa ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí kò bá so ó, ọ́ìlì á dì nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ọkọ̀ náà kò sì ní jí láàárọ̀. "Ṣé o ti so ọkọ̀?" la fi ń kí ara wa pé ó dàárọ̀.

Orest ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ abẹ́rẹ́. Yìnyín ti bo wáyà náà mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbọ́dọ̀ fi ṣọ́bìrì wú u jáde. Ọwọ́ rẹ̀ ti kú, ó sì ní kí òun kọ́kọ́ wọlé lọ yá iná ná. Ó wọlé, ó bọ́ bàtà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ti rí. Kò sẹ́ni tó ń wọ bàtà wọnú ilé níbí, bàtà òtútù kì í sì í ṣe sálúbàtà. Ẹni tó bá ti bọ́ ọ, tó bọ́ kóòtù, tó bọ́ ìbọ̀wọ́, tó bọ́ ṣòkòtò òkè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ohun tó lè mú un padà síta mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Orest náà mọ̀.

"Orest, ṣé o ti so ọkọ̀?" Mama béèrè.

"Tó bá yá, Mama. Ẹ jẹ́ kí n jẹun ná."

Ó jẹ pyrohy, ìyẹ̀fun bíbọ̀ tí ìyá rẹ̀ di ànàmọ́ sínú rẹ̀, ó bọ́ sórí àga, ó sì mú fóònù. Ohun tó ń wò kì í ṣe ohun burúkú. Àwọn ọkùnrin tó ń hú katakata àtijọ́ jáde látinú ahéré ni, tí wọ́n ń tún un ṣe. Tí fídíò kan bá parí, òmíràn á bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Orest, ọkọ̀."

"Kò ní pẹ́, Mama. Wọ́n fẹ́ ṣí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ báyìí."

"Ẹ́ńjìnnì ta ni?"

"Ti bàbá kan ní Nebraska."

"Tìẹ ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbọ́. Orí àga yẹn ló sùn sí.

Nígbà tó jí, Mama ti wọṣọ tán. Ó ti wé gèlè olódòdó tó máa ń wé lọ síbi pàtàkì, ó jókòó sórí àga ẹnu ọ̀nà, báàgì rẹ̀ wà lórí itan, ó sì ti di búrẹ́dì àti ẹran fún ìrìn àjò wọn. Orest sáré jáde. Ọkọ̀ náà kérora lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ó wú wáyà jáde, ó so ó nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó ti dì kì í gbóná kíákíá. Ó ń jáde, ó ń wọlé. "Ó ti fẹ́ jí, Mama," ó ń wí. Ìyá náà kò bọ́ kóòtù. Ó kàn ń mi orí.

Èmi wà nílé ní gbogbo àkókò yẹn. Ọkọ̀ mi wà lórí iná, ó gbóná, ó ṣe tán. Ká ní ó kàn kan ilẹ̀kùn mi, èmi ì bá ti gbé ìyá náà dé Saskatoon kí oòrùn tó là dáadáa. Nígbà tí mo bi í léèrè lẹ́yìn náà, orí rẹ̀ wà nílẹ̀. "Ojú ń tì mí," ó ní. "Mẹkáníìkì tí ọkọ̀ ẹ̀ ò jí. Mo ní kí n tún gbìyànjú ẹ̀ wò, pé màá pè ọ́ tó bá yá." Inú bí mi débi pé mo dìde, mo fi kọfí mi sílẹ̀ fún un. Títí di òní, tí mo bá rántí rẹ̀, inú ṣì máa ń bí mi.

Nígbà tí ọkọ̀ máa fi jí, ìjì yìnyín ti dé, wọ́n ti ti ọ̀nà. Ọ̀nà ò ṣí bọ̀rọ̀. Kí wọ́n tó rí dókítà, àárọ̀ ọjọ́ kan wà tí Mama gbójú sókè nídìí oúnjẹ, tó ń wo ọmọ rẹ̀.

"Kí ló wà lójú ẹ?" ó ní. "Ọ́ìlì ni? Nù ún."

Orest fi ọwọ́ nu ojú. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ó ṣì wà," Mama wí. "Nù ún dáadáa."

Ó nù ún. Ó dé ibi omi, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó padà wá jókòó síwájú ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ní ó ṣì wà. Ìgbà yẹn ni àwọn méjèèjì mọ̀.

Dókítà ṣe ohun tó lè ṣe. Láti ìgbà yẹn, etí nǹkan ni Mama ń rí. Ohun tó bá wò lójú gan-an, dúdú ni. Kò bá Orest wí. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan nípa wáyà, kò sọ nípa fóònù. Orest sọ fún mi pé tó bá jẹ́ pé ó gbá òun létí ni, òun ì bá lè sùn.

Ìgbà náà ló yí padà, mo sì gbọ́dọ̀ fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Kò búra fún ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo ló ṣe: bàtà kò gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ títí iṣẹ́ ìta á fi tán. Tó bá ti dé, bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó, á so ọkọ̀, á kó yìnyín ẹnu ọ̀nà, á gbé igi wọlé, kí ó tó jókòó tú okùn bàtà. Nígbà tó rí i pé ọgbọ́n yìí ń ṣiṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bàtà wọ inú ilé náà, ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó tún ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ṣe, ó pààrọ̀ àtẹ̀gùn. Fóònù di ohun tó ń sùn nínú àpótí irinṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ padà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní ẹ̀yìn kì í ro òun mọ́. Àwọn ọkùnrin ilé epo dẹ́kun pípè é ní orúkọ yẹn, nítorí kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín sí i mọ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan kù. Kò tíì bẹ ìyá rẹ̀. Ó wá sọ́dọ̀ mi nítorí rẹ̀, ó jókòó, ó ń yí fìlà lọ́wọ́.

"Mo fẹ́ bẹ Mama," ó ní.

"Lọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n wà nílé."

"Wọ́n ti ń sinmi báyìí."

"Wọn ò sinmi. Mò ń gbọ́ rédíò wọn níbí."

Ó wo ilẹ̀. "Mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀," ó ní, ó sì lọ sílé lọ gé igi.

Lẹ́ǹtì dé. Mo gbé wàrà lọ fún Mama ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo bá a nídìí àbẹ́là pẹ̀lú kálámù lọ́wọ́. Ìka ló fi ń wá ọ̀nà lára ẹyin. Ó nà án sí mi.

"Ọmọ mi, wò ó. Ṣé ìlà yẹn pàdé?"

Kò pàdé. Ó ti rìn kọjá ara rẹ̀. "Ó pàdé, Mama," mo wí. "Ó dáa gan-an."

"O ṣeun."

Bẹ́ẹ̀ ni Orest wọlé láti ibi iṣẹ́. Mama na ẹyin kan náà sí i, ó bi í ní ìbéèrè kan náà. Orest gbé e lọ sí ojú fèrèsé. Mo rí i tó yí i sọ́tùn-ún, tó yí i sósì, ó sì wò mí. Mo ṣẹ́jú sí i pé kó ní bẹ́ẹ̀ ni, kó jẹ́ kí ìyá arúgbó gbádùn ara rẹ̀.

"Kò pàdé, Mama," ó wí.

"Báwo ni àlàfo rẹ̀ ṣe tó?"

"Ó tó ìbú ìka ọmọdé."

"Mo mọ̀," Mama ní. "Ìda ga sókè, ọwọ́ mi ń kàn án. Fàdá wá láàárọ̀, ó ní ó pàdé. Aládùúgbò ẹ yìí ní ó pàdé. Mo ní kí n gbọ́ tìẹ."

Mi ò mọ ibi tí mo lè fi ojú sí. Orest gbé ẹyin náà kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

"Èmi ni, Mama. Èmi ni mo fọ́ ojú yín. Ẹ sọ fún mi, ẹ tún un sọ, mo sì jókòó síbẹ̀ mò ń wo katakata. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Mama yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, bó ṣe gbọ́dọ̀ máa yí i báyìí kó tó lè rí ènìyàn, ó sì fi ọwọ́ wá ojú ọmọ rẹ̀.

"Mo ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà òtútù," ó ní. "Mò ń bínú sí ẹ, Orest. Mo ṣì ń bínú. Mú ẹyin míì wá, kí o bá mi dì í mú."