Lọ́yà Tí Wọn Kò Gbọ́ Tẹnu Rẹ̀

Lọ́yà Morákinyọ̀ Akínọlá kú lọ́sẹ̀ tó kọjá ní ilé rẹ̀ ní Sùúrùlérè, ó sì kú pẹ̀lú ẹ̀sùn lọ́rùn. Ìgbìmọ̀ àwọn lọ́yà tó ní kó ṣíwọ́ iṣẹ́ kò gbọ́ tẹnu rẹ̀ rí. Wọ́n ń sún ẹjọ́ náà síwájú ni títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ní Mushin, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Nígbà tí ayé yẹ ẹ́, èrò á ti kún ọ́fíìsì rẹ̀ kó tó jáde nílé. Bó bá rí ìyàwó ẹlẹ́wọ̀n lẹ́nu ọ̀nà kóòtù, yóò kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti jẹun. Èèyàn dáadáa ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀.

Kí wá ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀? Onílẹ̀ kan fẹ́ lé àwọn mẹkáníìkì kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì gba lọ́yà wa. Ṣùgbọ́n a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, nítorí náà ó pe tọ̀tún tòsì sí pálọ̀ rẹ̀, ó gbọ́ tẹnu wọn, ó parí ìjà. Nígbà tó yá, ọkàn onílẹ̀ yí padà. Ó gba ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ lọ, ó ní lọ́yà kan náà ló ṣe iṣẹ́ fún ẹni méjì tó ń bára wọn jà. Òfin kọ ìyẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni kò gbọ́ ọ nílé baba rẹ̀ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni? Akínọlá gbọ́ tẹnu ẹni méjì, ó di ẹlẹ́ṣẹ̀. Ìgbìmọ̀ gbọ́ tẹnu ẹnì kan, wọ́n ń jẹ́ ọ̀mọ̀ràn.

Àwọn oníbàárà tú ká. Àwọn tó kọ́ níṣẹ́ ń yẹra fún un lójú ọ̀nà. Ìgbàkígbà tí ìgbìmọ̀ bá dá ọjọ́, yóò lọ aṣọ dúdú rẹ̀, yóò wọ kẹ̀kẹ́ lọ, wọ́n á ní alága ti rìnrìn àjò. Ó ń dùn mí títí di òní.

Ìyàwó rẹ̀, Àṣàkẹ́, lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wọ aṣọ dúdú wá sìnkú ọkọ òun, bí wọ́n ti ń ṣe fún lọ́yà ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n ní orúkọ rẹ̀ kò tíì mọ́. Ó ní kí wọ́n wá gbọ́ ẹjọ́ náà kí orúkọ lè mọ́. Akọ̀wé wọn dá a lóhùn pé, "Mummy, ẹ má bínú. Case yẹn ti bá Daddy kú."

Ẹjọ́ kú? Ta ló pa á? Onílẹ̀ tó fẹ̀sùn kàn án ń bẹ láàyè. Ọ̀jẹ̀túndé, olórí àwọn mẹkáníìkì, ń bẹ láàyè, ó sì sọ fún mi pé, "Ojú mi ló ṣe, Ẹ̀gbọ́n. Kí wọ́n ṣáà pè mí." Ìgbìmọ̀ nìkan ló ń ṣe bí òkú.

Ẹ̀yin àgbà lọ́yà, Àṣàkẹ́ ní ọkọ òun kò ní wọlẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí ẹ bà jẹ́. Ẹ jókòó lọ́sẹ̀ yìí, ní gbangba, kí ẹ gbọ́ tọ̀tún tòsì. Bó bá jẹ̀bi, ẹ sọ ọ́ lójú wa. Bí kò bá jẹ̀bi, ẹ wọ aṣọ dúdú yín, ẹ tẹ̀ lé pósí rẹ̀, kí ẹ sì wí i lójú opó rẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi.