Aṣọ Tí Mo Fi Pọnmọ Jáde

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ní kí n wọ ibẹ̀. Ó fẹ́ lọ kun èékánná ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Vietnam kan, òórùn ọ̀dà èékánná kò sì dára fún ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́jọ. Oòrùn Houston ọjọ́ náà mú débi pé a kò lè dúró níta. Ilé tó kángun sí ṣọ́ọ̀bù náà ni mùsíọ́mù, níbi tí wọ́n kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ẹ̀yà ilẹ̀ Vietnam sí.

"Ibẹ̀ tutù, kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́ ní nǹkan kan," ló wí. "Bí mo bá ṣe tán, mo máa pè ẹ́. Má ṣáà fọwọ́ kan nǹkan wọn o."

"Àǹtí, ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù kí ni? Ṣé wọ́n ń pa èèyàn níbẹ̀ ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ohun gbogbo ló ń bà mí lẹ́rù lọ́dún tí mo dé yẹn. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kà mọ, òyìnbó ẹnu mi kò sì ju ti ẹni tó fẹ́ ra búrẹ́dì lọ. Pépà ìgbélùú mi kò tíì jáde. Nílé wa ní Katy, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston, bí àdúrà la ṣe ń ka ọ̀rọ̀ náà: pépà kò tíì jáde, má bá ẹnikẹ́ni jà, má mú ohun tí kì í ṣe tìẹ, má sáré níwájú ọlọ́pàá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọ́n máa ń sọ ìtàn ẹnìkan tí wọ́n dá padà sílé nítorí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mo gbà á gbọ́.

Àdìrẹ ìyá wa ni mo fi pọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sẹ́yìn. Ìyá wa ló pa á láró fúnra rẹ̀ kó tó kú. Òun náà ló fi òwú pupa rán igun rẹ̀ kan, nítorí bí obìnrin mẹ́rin márùn-ún bá rẹ aṣọ sínú ìkòkò aró kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ ló máa ń jọra bó bá jáde. Òwú ni oníkálukú fi ń mọ tirẹ̀. Ìgbàkúùgbà tí mo bá fẹ́ pọnmọ, ìka mi á kọ́kọ́ wá òwú yẹn kí n tó so aṣọ.

Inú ilé náà ṣókùnkùn díẹ̀. Sẹkúríìtì kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ọkùnrin gìrìwò tó so rédíò kékeré mọ́ èjìká. Ó mi orí sí mi, mo wo ilẹ̀. Ère tí kò lórí ni wọ́n wọ aṣọ fún káàkiri: aṣọ dúdú tí wọ́n fi òwú pupa ṣe ọnà sí, yẹ̀rì tó ṣẹ́po bí ewé, ẹ̀gbà ọrùn fàdákà lórí ọrùn tí kò gbé nǹkan kan. Mo ń rò ó pé, àwọn tó ni aṣọ wọ̀nyí dà? Nílé wa, bí ẹnìkan bá kú, àwọn ọmọ ẹ̀ á pín aṣọ rẹ̀, wọn á máa wọ̀ ọ́ lọ. Èmi kò rí i rí kí aṣọ òkú dá dúró lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀. Mo ń tẹlẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ kí èyíkéyìí nínú wọn má baà mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

Ní igun tó kẹ́yìn, mo rí ọ̀kan tó lórí. Ìyá arúgbó kan ni wọ́n gbẹ́, ó jókòó ti tábìlì, ó wọ aṣọ bíi tàwọn yòókù. Mo sún mọ́ ọn láti wo ojú rẹ̀. Ó ṣẹ́jú.

"Yéè! Jésù!"

Mo fò sẹ́yìn, ọmọ ta jí, ó fi igbe ta. Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Nígbà náà ni mo rí ọwọ́ rẹ̀: aró ti kùn ún dé ìdí èékánná, gẹ́gẹ́ bí ti ìyá wa. Orúnkún mi kò dúró gbàṣẹ, ó ti kanlẹ̀. "Ẹ kúuṣẹ́, mà," ni mo wí, ní Yorùbá. Ó dáhùn ní èdè tirẹ̀.

Ìda gbígbóná ló ń fi irin kékeré kan yà sára aṣọ funfun, bí ìyá wa ṣe máa ń fi ìyẹ́ ya ẹ̀kọ sára àdìrẹ. Àwọn aṣọ tó ti pa láró wà lórí tábìlì kí àlejò lè fọwọ́ kàn wọ́n. Ó fa ọ̀kan, ó gbé e sí mi nímú. Òórùn ẹ̀yìnkùlé wa ni. Àyà mi rọlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti wọlé.

Ọmọ kò dákẹ́. Ìyá náà na ọwọ́, mo tú ọmọ sílẹ̀, mo gbé e fún un, mo sì ju aṣọ mi sórí tábìlì. Ó ń fi imú kọrin sí i létí. Ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ ni fóònù mi dún.

"Mo ti wà níta! Ibi tí mo páàkì sí kò dáa, mi ò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Sáré!"

Mo gba ọmọ, mo já aṣọ gbà lórí tábìlì, mo pọ̀n ọ́n, mo kúnlẹ̀ ní ìdajì, mo sáré jáde. Sẹkúríìtì náà tilẹ̀ bá mi ṣílẹ̀kùn.

Níbi mọ́tò ni mo ti tú ọmọ láti gbé e sórí ìjókòó rẹ̀. Aṣọ náà le sí mi lọ́wọ́. Mo wá òwú pupa ní igun kan, kò sí. Mo wo igun kejì, mo wo ẹ̀kẹta, mo wo ẹ̀kẹrin.

"Àǹtí, aṣọ wọn ni mo gbé."

"Kí lo wí?"

"Tiwa wà lórí tábìlì wọn. Tiwọn ni mo fi pọnmọ jáde."

Ó wo aṣọ, ó wo ilé náà. Èékánná rẹ̀ kò tíì gbẹ, àtẹ́lẹwọ́ ló fi di sítíárì mú. "O pa mí o! Mo ní má fọwọ́ kan nǹkan, o wá ru ẹrù wọn jáde bí ẹni tó lọ nájà! Kámẹ́rà wà ní gbogbo ibẹ̀ o."

"Ẹ jẹ́ kí n dá a padà."

"Kó o fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ bá wọn? Pépà ńkọ́? Wọlé ká lọ. A máa fi ránṣẹ́."

"Aṣọ Ìyá ńkọ́?"

Ẹnìkan fọn fèrè mọ́tò sí wa láti ẹ̀yìn. Níkẹyìn ẹ̀gbọ́n mi ní, "Yára. Bí wọ́n bá bi ẹ́ ní orúkọ, má sọ tòótọ́. Ṣé o gbọ́? Orúkọkórúkọ tó bá wá sí ẹ lẹ́nu ni kó o sọ."

Mo fi ọmọ sílẹ̀ nínú mọ́tò, mo sì padà wọlé. Bí sẹkúríìtì náà ṣe rí aṣọ lọ́wọ́ mi, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀, ó gbé rédíò sẹ́nu. Òyìnbó díẹ̀ tí mo mọ̀ fò lọ. Mo kọjá lára rẹ̀, mo gbọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́yìn mi, kò, kò, kò. N kò wo àwọn ère yẹn lápá ọ̀tún tàbí lápá òsì. Mo dé ọ̀dọ̀ ìyá náà, mo fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé aṣọ náà sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Mi ò jí i. Mo ṣì í gbé ni."

Yorùbá ni gbogbo rẹ̀. Sẹkúríìtì ń bi mí bóyá ara mi kò yá, ó ní kí n dìde. N kò lè dìde.

Aṣọ wa wà lórí itan ìyá náà, ìka rẹ̀ aláró sì wà lórí òwú pupa. Ó gba tirẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó bá sẹkúríìtì sọ̀rọ̀ ní òyìnbó tí kò sàn púpọ̀ ju tèmi lọ. Ó ní òun lòun kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ní kí ó wò ó, àwọ̀ kan náà ni. Sẹkúríìtì kò rẹ́rìn-ín. Ó fa ìwé kékeré kan yọ, ó ní ohunkóhun tó bá jáde lẹ́nu ọ̀nà òun, òun gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó na bírò sí mi. Orúkọ.

Orúkọ kan ti wà lẹ́nu mi, ti ọmọbìnrin tá a jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì kan ní ilé-ẹ̀kọ́. Ìyá náà ń ká aṣọ wa lọ́wọ́ kan náà, ó yí i kí òwú pupa lè wà lókè, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi. Lórí ìkúnlẹ̀ mi níwájú rẹ̀, n kò lè kọ orúkọ ẹlòmíràn. Mo kọ tèmi àti ti bàbá mi, díẹ̀díẹ̀, mo fi àmì sórí rẹ̀ àti sábẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ọkùnrin náà gbìyànjú láti kà á, kò lè kà á. Ó pa ìwé dé.

"Ṣé wọ́n gba orúkọ?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí nínú mọ́tò.

"Wọ́n gbà á."

"Èwo lo fún wọn?"

"Èyí tí Ìyá sọ mí."

Ó pòṣé. Ó wakọ̀ dé ibi iná pupa tó ṣáájú títì márosẹ̀. Níbẹ̀ ló na ọwọ́ sẹ́yìn. "Gbé igun aṣọ náà wá." Ó fi àtàǹpàkò ra òwú náà, ọ̀dà èékánná rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn sì bàjẹ́. "Orí ẹ ò pé," ló wí, ṣùgbọ́n kò fi í sílẹ̀ títí iná fi yí padà.

Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, pépà mi kò tíì jáde. Bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn tí a kò retí àlejò, ìwé kékeré yẹn ni ọkàn mi máa ń kọ́kọ́ lọ bá. Mo máa ń gbé ọmọ pọ̀n ná, kí n fi ìka wá òwú pupa náà, kí n tó lọ ṣílẹ̀kùn.